Ìjọ Àgùdà àti Wicca: ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó yan ọ̀kan

Ọ̀sán Sátidé kan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yà sílé mi ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, eruku Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Ọmọ yunifásítì LAUTECH ni. Kò tíì jókòó tó fi na fóònù sí mi.

"Àǹtí, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé àjẹ́ ni àbí ẹ̀sìn?"

Ìràwọ̀ onígun márùn-ún kan ló wà lójú fóònù náà, wọ́n fi òbìrí yí i ká, abẹ́là méjì àti ife kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wicca ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹ̀sìn tuntun kan tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́rin tí òun ti ń kà nípa rẹ̀ lóru, pé òun kò sì lọ sí Máàsì déédéé mọ́. Fífi ẹsẹ̀ kan sínú, fífi ẹsẹ̀ kan síta ti sú u, ó fẹ́ yan ọ̀kan.

Ó ti di ọdún 11 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní katikísìmù ní ìjọ wa. Ó rọrùn fún mi láti ní kó pa nǹkan ọ̀hún rẹ́, kí n sì wọ́ ọ lọ bá fadá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá bá àgbà ti finú hàn án. Bí mo bá jágbe mọ́ ọn, ẹlòmíràn ni yóò lọ bi. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kàwé, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, lẹ́yìn náà a jókòó. Ohun tí mo bá a sọ ni mo kọ síbí. Kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Àgùdà ni mí, n kò sì ní í lọ́kàn láti kúrò níbẹ̀. Àmọ́ n kò ní parọ́ mọ́ ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn kí tèmi lè níyì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àjẹ́

Orúkọ tí àwọn oní-Wicca ń pe ara wọn lédè Òyìnbó ni "witch", "àjẹ́" ni a máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àjẹ́ tí Yorùbá ń sọ, àwọn ìyá wa, àwọn ẹlẹ́yẹ, kì í ṣe ẹ̀sìn tí ènìyàn ń forúkọ sílẹ̀ fún. Agbára ni wọ́n kà á sí, wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n ń ṣètùtù sí i. Wicca ní tirẹ̀ ní àjọ̀dún, ó ní àlùfáà, ó ní ìlànà tí wọ́n fi ń gbani wọlé, àwọn tó ń ṣe é kò sì gbà pé àwọn ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ tàbí pé àwọn ń dí ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ìtumọ̀ tó ṣì lọ ló sọ àwọn méjèèjì di ọ̀kan.

Mo mọ ohun tí orúkọ yẹn lè ṣe. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá àgbà kan wà ní agboolé wa tó ń ta ẹ̀kọ. Wọ́n lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n ní òun ló wà nídìí àìsàn ọmọ ilé kejì. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ra ẹ̀kọ rẹ̀ mọ́. Mo rí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta tó jókòó lẹ́yìnkùlé, tó ń tú ewé lára ẹ̀kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tò wọ́n síwájú ewúrẹ́. Kò sunkún. Ó ń tú wọn jẹ́ẹ́jẹ́, bí ìgbà tó bá ń bu fún oníbàárà. N kò lè gbàgbé ọwọ́ rẹ̀.

Nítorí náà mo sọ fún ọmọ mi pé kó ṣọ́ra fún orúkọ tó bá fẹ́ fún ara rẹ̀. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, ní abala 210, sọ pé ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn ti ṣẹ̀ sófin, ẹni tó bá sì pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ náà ti ṣẹ̀. Wọ́n lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 38, fún oníkálukú láàyè láti yan ẹ̀sìn tó wù ú, kó sì yí i padà bó bá fẹ́. Ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ gba ohun tí ẹ gbà gbọ́. Kí ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ àjẹ́ sórí Facebook níbi tí onílé yín àti àwọn ará àdúgbò ti lè rí i, ìyẹn ló lè kó yín sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Ọjọ́ orí wọn

Wicca kò dàgbà ju ìyá mi àgbà lọ. Gerald Gardner, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ aṣọ́bodè nílẹ̀ Màláyà, ló gbé e síta. Ó ní ọdún 1939 ni agbo kan gba òun wọlé lẹ́bàá igbó kan tó ń jẹ́ New Forest. Ọdún 1951 ni wọ́n pa òfin ọdún 1735 tó dè wọ́n níbẹ̀ rẹ́, nígbà tó sì di 1954, ó gbé ìwé jáde nípa rẹ̀. Doreen Valiente, obìnrin tó mọ ewì í kọ, ló tún púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìsìn wọn kọ. Gardner gbà pé ẹ̀sìn àtayébáyé tó fara pa mọ́ ni. Àwọn onímọ̀ ìtàn tó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ kò rí okùn tó so ó mọ́ ìgbà láéláé. Ọ̀pọ̀ oní-Wicca fúnra wọn ti gba èyí báyìí, kò sì dà wọ́n láàmú. Wọ́n ní ẹ̀sìn tuntun kò burú.

Ìjọ Àgùdà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹgbàá ọdún láti ìgbà Pétérù Àpọ́sítélì, ó kù díẹ̀ kí n sọ pé kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kò tíì rí, rere àti búburú. Àwa nílẹ̀ Yorùbá ń pè é ní Àgùdà nítorí àwọn tó ti Bùràsíìlì padà dé sí Èkó. Àwọn ló ti ń gbàdúrà pọ̀ kí fadá tó wá jókòó síbẹ̀ ní 1868. Ní tiwa lókè níhìn-ín, ọdún 1949 ni Róòmù ya Ọ̀yọ́ sọ́tọ̀, ó sì di dáyósíìsì, ìyẹn agbègbè tó ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ní 1963. Abẹ́ rẹ̀ ni àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Ẹ wò ó, ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín 1949 yẹn àti ìwé Gardner. Ẹni tó bá ní ẹ̀sìn àwọn bàbá ńlá òun lòun ń wá, kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó jẹ́ ti bàbá ńlá rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ń ké pè

Àgùdà gba Ọlọ́run kan ṣoṣo gbọ́, Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Wicca ń bọ abo òrìṣà kan àti akọ òrìṣà kan. Abo yẹn ní ojú mẹ́ta: wúńdíá, ìyá, àti arúgbó, bí òṣùpá ṣe ń yọ, tó ń kún, tó sì ń wọ̀ọ̀kùn. Akọ ní ìwo lórí bí àgbọ̀nrín. Ìwo yìí ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi ń sọ pé Sátánì ni. Rárá o, Wicca kò ní Sátánì nínú rárá, ẹ̀kọ́ Kristẹni ni Sátánì. Àwọn kan nínú wọn gbà pé òrìṣà wọ̀nyí wà ní tòótọ́, àwọn mìíràn ní àpẹẹrẹ lásán ni fún agbára inú ayé. Kò sí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kan tó de gbogbo wọn.

Ọmọ mi wá béèrè ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ onítẹ̀bọmi ti fi ń tọ́ ọ. Ẹ mọ̀ pé ìlú Onítẹ̀bọmi ni Ògbómọ̀ṣọ́, láti 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ wọn ti wà níbí. "Àǹtí, wọ́n ní abo òrìṣà náà ni ẹ fi Màríà ṣe." Mo ní rárá. Ènìyàn ni Màríà, Ọlọ́run ló dá a bó ṣe dá èmi àti ìwọ. À ń bọlá fún un, à ń ní kó bá wa bẹ Ọmọ rẹ̀, a kì í sìn ín. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ọba kọjá kí a tó dé ọ̀dọ̀ ọba á yé e: kò sẹ́ni tó rò pé ìyá ló jókòó lórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbà fún un pé ọkàn ènìyàn ń fẹ́ ojú ìyá nínú ìsìn, àti pé ibi tí ọkàn tirẹ̀ ti rí i lórí fóònù yẹn kì í ṣe ohun ìtìjú.

Iyọ̀ inú omi

Ibí yìí ni mo rò pé ìyàtọ̀ gidi wà, ẹ bá mi fara balẹ̀ sí i.

Bí ẹ bá wọ inú ìsìn Wicca, ẹ ó rí omi nínú àwo kan, iyọ̀ nínú èkejì. Ẹni tó ń darí á fi orí ọ̀bẹ kan tó ní èèkù dúdú, athame ni wọ́n ń pè é, kan omi, á kan iyọ̀, á pò wọ́n, á sì wọ́n ọn yí òbìrí tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ká. Wọ́n á wá ké sí igun mẹ́rin ayé: afẹ́fẹ́ ní ìlà oòrùn, iná ní gúúsù, omi ní ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ ní àríwá. Bí ẹ bá sì wá sí Máàsì wa lọ́jọ́ tí fadá bá ń bù kún omi, ẹ lè rí i tó bu iyọ̀ sínú omi náà kó tó wọ́n ọn sí wa lára. Iyọ̀ kan náà, omi kan náà.

Kí ló wá yàtọ̀? Ẹ̀bẹ̀ ni fadá ń bẹ̀. Ó ń sọ pé, Olúwa, bù kún un. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ ó ṣe, bí kò bá fẹ́, àwa kò ní agídí kankan tí a lè fi mú un. Oní-Wicca gbà pé agbára wà nínú òun fúnra rẹ̀ àti nínú ayé tó yí i ká, pé bí òun bá kó ọkàn jọ, tí òun fi àwọ̀, abẹ́là, ewé àti ọ̀rọ̀ kún un, òun lè darí rẹ̀. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún méjèèjì tipẹ́: àdúrà kì í ṣe ọfọ̀. Àdúrà ń bẹ̀, ọfọ̀ ń pàṣẹ. Àmọ́ ẹ má sọ pé ọfọ̀ ni Wicca ń ṣe o. Ẹni tó ń pọfọ̀ mọ orúkọ àbísọ nǹkan, ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnìkan tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnìkan. Nínú Wicca, ọ̀pọ̀ ló ń fúnra wọn kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n á sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n sọ fún un gbangba pé kò lè pa méjèèjì pọ̀. Katikísìmù Ìjọ Àgùdà tó jáde ní 1992, ní ìpínrọ̀ 2117, ka iṣẹ́ idán bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí ìwòsàn ni. Ẹ ó bá àwọn kan pàdé tí wọ́n á ní Àgùdà oní-Wicca làwọn. Wicca lè gbà wọ́n bẹ́ẹ̀; Ìjọ kò gbà.

Kàlẹ́ńdà ta ni?

Àjọ̀dún mẹ́jọ ni Wicca ń ṣe lọ́dún, yàtọ̀ sí ìpàdé òṣùpá àrànmọ́jú. Wọ́n tò wọ́n mọ́ bí oòrùn àti ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Lọ́ńdọ́nù, ojúmọ́ kì í tó wákàtí mẹ́jọ ní àárín oṣù Kejìlá, ó sì ń ju wákàtí 16 lọ ní oṣù Kẹfà. Nígbà tí òkùnkùn bá gùn tó bẹ́ẹ̀, ó yé mi kí ènìyàn dáná kó sì yọ̀ pé oòrùn ń padà bọ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàtọ̀ ojúmọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Ọyẹ́ la ń bá fà á ní December, kì í ṣe òkùnkùn. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ni wọ́n ń yọ̀ pé òtútù ń lọ, pé àgùntàn ń sun wàrà. Àwa ń lé ooru nígbà yẹn, ilẹ̀ ti sán. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ni ìkórè ọkà wọn. Iṣu tuntun là ń wò lójú ọjà tiwa. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́, ó ní òun ti gbìyànjú láti ṣe èyí tó wà ní oṣù Kejìlá nínú yàrá òun, fáànù ló pa abẹ́là. Mo ní bó bá fẹ́ ṣe é tọkàntọkàn, kó tún àwọn ọjọ́ náà tò mọ́ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn tiwa. Àwọn oní-Wicca ilẹ̀ Ọsirélíà ti ń yí tiwọn padà bẹ́ẹ̀.

Kàlẹ́ńdà Àgùdà náà kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ṣùgbọ́n ìtàn ló so mọ́, kò so mọ́ òtútù: ìbí, ikú, àjíǹde. Ọjọ́ Àjíǹde pàápàá ń tẹ̀ lé òṣùpá, Sunday tó bá tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta. Láti ìgbà Ìpàdé Fátíkàànù Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé, 1962 sí 1965, Yorùbá la fi ń ṣe Máàsì, dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì wọlé. Kódà kó tó di ìgbà yẹn, ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti ẹnìkejì rẹ̀ ti dá iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Oyè-Èkìtì, níbi tí àwọn agbẹ́gilére bíi Lámídì Fákẹ́yẹ ti ń gbẹ́ ìtàn Bíbélì ní ìrísí Yorùbá. Ó pẹ́ kó tó rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó ti yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń wọlé, àti ẹni tó ń darí

Ẹ kò lè fi ọwọ́ ara yín sọ ara yín di Àgùdà. Ìjọ ló ń gbà yín. Àgbàlagbà tí kò tíì ṣe ìrìbọmi á kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù púpọ̀, òru àìsùn Àjíǹde ni wọ́n sì sábà máa ń rì wọ́n. Inú ṣọ́ọ̀ṣì á ṣókùnkùn biribiri, wọ́n á dáná síta, wọ́n á tan abẹ́là ńlá kan, iná á wá máa ti ara abẹ́là kan bọ́ sí òmíràn títí gbogbo ojú á fi hàn. Ìrìbọmi ni àkọ́kọ́ nínú sákírámẹ́ǹtì méje. Ìfẹsẹ̀múlẹ̀, Ara Olúwa, ìjẹ́wọ́, ìfòróróyàn aláìsàn, oyè àlùfáà àti ìgbéyàwó ni ìyókù.

Wicca ti Gardner náà kì í jẹ́ kí ènìyàn dá wọlé: ẹni tó ti wà nínú agbo ló ń gba ẹni tuntun, ipele mẹ́ta ló wà, wọ́n sì máa ń ní kí èèyàn dúró ọdún kan àti ọjọ́ kan. Àwọn agbo kan ń ṣe é ní ìhòòhò. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ó má bàa bá yín lójijì. Àwọn mìíràn, pàápàá láti nǹkan bíi 1980 síwájú, ń dá ṣe é nínú yàrá wọn láìsí agbo. Orí fóònù nìkan ni agbo ọmọ mi wà.

Ọ̀kan tó dùn mí nínú ìbéèrè rẹ̀ ni pé, "Ṣé obìnrin lè dúró nídìí pẹpẹ yín?" Nínú Wicca, obìnrin ló sábà máa ń ṣíwájú agbo. Nínú Ìjọ Àgùdà, ọkùnrin nìkan ló ń jẹ fadá, Ìjọ sì ní òun kò láṣẹ láti yí i padà. Mo lè ka gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ìyá àti àwọn sísítà ń ṣe fún un, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó béèrè nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kò lè dúró níbẹ̀. Bí ìyẹn bá jẹ́ ohun tí ẹ kò lè gbé, ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó wọlé.

Nípa ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Àwa ní òfin mẹ́wàá, a sì ní ìjẹ́wọ́: ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ ọ́, wọ́n dárí jì yín, ẹ lọ tún ohun tí ẹ bàjẹ́ ṣe. Wicca ní kí ẹ ṣe ohun tó wù yín, bí kò bá ṣáà ti pa ẹnikẹ́ni lára. Púpọ̀ wọn sì gbà pé ohun tí ènìyàn bá rán jáde á padà sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀san ń bẹ níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa sọ pé "a ti dárí jì ọ́". Èmi kò lè gbé láìgbọ́ gbólóhùn yẹn.

Àwọn tó ti lọ

Oní-Wicca púpọ̀ gbà pé ènìyàn ń tún ayé wá. Ẹ má rò pé bí a ṣe ń sọ Babátúndé tàbí Yétúndé ni o. Tiwọn kò so mọ́ ìdílé, ẹ lè tún ayé wá síbi tí wọn kò mọ bàbá yín. Àgùdà kò gba àtúnwá gbọ́: ẹ̀ẹ̀kan la ń wá, ẹ̀ẹ̀kan la ń kú, ìdájọ́ ló kàn. Síbẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù tó sìn ní Ọ̀yọ́ títí di 2009, Julius Babátúndé Adélàkún ló ń jẹ́. Orúkọ kò lọ.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń rántí òkú wọn. Ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ni tiwa.

Bí ẹ bá ń yan

Bí ohun tí ẹ ń wá bá jẹ́ agbára lórí ẹnìkan, ọ̀rẹ́kùnrin tó já yín jù tàbí olùkọ́ tó fẹ́ kí ẹ fìdí rẹmi, ẹ má lọ sí ìkankan nínú méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé inú fadá kan tàbí ìyá ìjọ kan ló ń bí yín, ẹ kọ́kọ́ wá ojútùú sí ìyẹn. Ìbínú kì í ṣe àìgbàgbọ́. Bó bá jẹ́ pé odò, ilẹ̀ àti òrìṣà obìnrin ló ń fà yín, Wicca kọ́ ni ilé wọn nílẹ̀ yìí. Ọya àti Ṣàngó wà ní Ọ̀yọ́ níbí. N kò rán yín lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dára kí ènìyàn máa wá ohun tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lọ sí ìlú Òyìnbó.

Ẹni tí wọ́n ti rì bọmi bí ọmọ mi, ìjẹ́wọ́ ni ọ̀nà àbọ̀, kò gbówó. Ẹni tó bá yan Wicca, kó má búra fún ẹnikẹ́ni láìtíì pé ọdún kan àti ọjọ́ kan. Ìlànà àwọn ti Gardner kò fàyè gba gbígba owó kí wọ́n tó gbani wọlé, nítorí náà ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́, tàbí fọ́tò ìhòòhò, olè ni. Kí ẹ sì jẹ́ kí àgbà kan tí ọkàn yín balẹ̀ sí mọ̀.

Mo gbà pé ọ̀dọ̀ wa ló yẹ kó wà, mo sì sọ ọ́ fún un lójúkojú. Kò dá mi lóhùn. Ó gba ìwé katikísìmù lọ́wọ́ mi, kò pa ohun tó wà lórí fóònù rẹ̀ rẹ́. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó béèrè bóyá a óò tún lọ sí ibojì ìyá wa ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn Máàsì àárọ̀.

"Àǹtí, ṣé mo lè mú abẹ́là tèmi wá?"

Mo ní kó mú un wá.